Mílíọ̀nù 2 àbí 7,568? Iye àwọn tí wọ́n jí gbé àti ètò ààbò wa

Ọmọ_Àkókó kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ìṣirò bá mi tú u.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS, àjọ tó ń rí sí ìṣirò àti àkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà, gbé ìwádìí kan jáde lórí ìwà ọ̀daràn. Wọ́n ní láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 sí oṣù Kẹrin ọdún 2024, ènìyàn 2,235,954 ni wọ́n jí gbé ní orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n pa 614,937, owó ìtúsílẹ̀ tí àwọn ẹbí san sì jẹ́ tírílíọ̀nù 2.23 náírà. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, láti oṣù Keje 2023 sí oṣù Kẹfà 2024, ilé-iṣẹ́ ìwádìí SBM Intelligence tó wà l'Ékòó ka tiwọn. Ènìyàn 7,568 ni wọ́n rí kà, nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 1,130. Owó tí wọ́n mọ̀ pé ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajínigbé jẹ́ bílíọ̀nù kan náírà ó lé díẹ̀.

Ọ̀kan ní ó lé ní mílíọ̀nù méjì, èkejì ní kò tó ẹgbàárin. Èmi tí mò ń gbé Àkókó, tí ìyàwó mi kì í sùn títí màá fi dé láti oko, èwo ni kí n gbà gbọ́? Bí ìjọba bá sì fẹ́ pín ọlọ́pàá káàkiri, èwo ni wọ́n máa tẹ̀ lé?

Kò_Dámilójú kọ:

Irọ́ ni mílíọ̀nù méjì. Bí a bá ju igba mílíọ̀nù lọ ní Nàìjíríà, a jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, wọ́n jí bí ẹnì kan gbé láàrin ọdún kan ṣoṣo. Mo ní nọ́ńbà tó lé ní irinwó nínú fóònù mi. Mo jókòó lánàá, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan péré ni mo rí tí wọ́n gbé ní àkókò yẹn. Ó yẹ kí n rí mẹ́rin.

Tíṣà_Ìṣirò kọ:

Bọ̀dá Kò_Dámilójú, ohun tí ẹ ṣe pẹ̀lú fóònù yín yẹn, ìṣirò gidi ni, mo sì kí yín fún un. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó pé inú Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú irinwó yẹn ń gbé. Àwọn NBS fúnra wọn sọ pé Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí wọ́n kà, ó ju ìdajì lọ dáadáa. Ẹni mélòó nínú fóònù yín ló wà ní Zamfara tàbí Katsina?

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà ṣe é. Àwọn SBM ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ dé etí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. NBS kò ka ìṣẹ̀lẹ̀. Wọ́n mú ilé díẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ gbogbo, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí, wọ́n wá fi ìyẹn díwọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó fẹ́ ra àpò gàrí kì í jẹ gbogbo rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó kan. Á ti ọwọ́ bọ òkè, á ti ọwọ́ bọ àárín, á wa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé àwọn oníjìbìtì máa ń da èyí tó dára sókè. Bí ó bá wa á dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ tó láti mọ gbogbo àpò.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìjínigbé kò pọ̀ bí gàrí. Ohun tó wọ́n ni, bí òkúta kéékèèké tó wà nínú àpò. Ká ní ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀ dúró fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ilé (àpẹẹrẹ tèmi ni o, kì í ṣe tiwọn). Bí ilé mẹ́wàá bá dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé ẹnì kan nínú wa", ó ti di ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Bí méjì nínú mẹ́wàá náà bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, tí ìrora rẹ̀ ṣì tutù lójú wọn bí ti àná, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ti wọlé lọ́nà tí kò yẹ. Bí ọmọ ìyá mẹ́ta tó ń gbé ilé mẹ́ta bá sọ ti ẹ̀gbọ́n wọn kan náà, ẹnì kan ti di mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa yẹ̀ ẹ́ wò. NBS ní bí a bá pín in dọ́gba, owó ìtúsílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.67 náírà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ìyẹn pín tírílíọ̀nù 2.23. Á fún yín ní ìsanwó bí 835,000. Láàrin ọdún kan. Tírílíọ̀nù 3.25 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ààbò nínú ìsúná ìjọba àpapọ̀ ọdún 2024. Tí iye NBS bá tọ̀nà, ohun tí àwọn ará ìlú san fún àwọn ajínigbé ju ìdajì ohun tí ìjọba pinnu láti ná lórí ààbò. Èmi gbà pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Mo tún gbà pé 7,568 kéré ju bó ṣe rí lọ, ó sì kéré gan-an. Òtítọ́ wà láàrin, kò sì sún mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Kò_Dámilójú kọ:

Tíṣà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dáhùn kan. Ìṣirò kì í yìnbọn. Ìgbà wo ni nọ́ńbà ti dá ogun dúró rí?

Tíṣà_Ìṣirò kọ:

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fẹ́ mọ iye ọkọ̀ ogun onírin, táǹkì, tí Jámánì ń ṣe lóṣù kan. Àwọn amí wọn ń mú ìròyìn wá. Fún oṣù Kẹjọ ọdún 1942, ohun tí àwọn amí gbé kalẹ̀ ni 1,550. Àwọn oníṣirò kò lọ síbì kankan. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun máa kọ nọ́ńbà tó wà lára táǹkì tí wọ́n bá gbà tàbí tí wọ́n bá bà jẹ́, nítorí àwọn ará Jámánì létòletò, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà tó tẹ̀ léra sára gíábọ́ọ̀sì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Láti ara nọ́ńbà wọ̀nyẹn, wọ́n ní 327 ni. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ṣí ìwé àwọn ará Jámánì: 342.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ìlú kan kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀wù iṣẹ́ wọn láti 1 lọ. Ẹ dúró ní oríta, ẹ rí 14, 23, 41 àti 60. Ẹ ti mọ̀ pé wọn kò lè dín ní ọgọ́ta. Ó sì ṣòro kó jẹ́ pé ẹni ìkẹyìn pátápátá lẹ ṣèèṣì rí. Ẹ pín 60 sí 4, torí ẹni mẹ́rin lẹ rí, á fún yín ní 15. Ẹ fi kún 60, ẹ yọ 1. Ó di 74. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọlọ́kadà ìlú yẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í.

Ọ̀gágun tó bá rò pé ọ̀tá ní 1,550 lóṣù lè máà jáde rárá. Èyí tó mọ̀ pé 342 ni, ó mọ ohun tó máa gbé dání.

Sájẹ́ńtì_Tó_Fẹ̀yìntì kọ:

Mo kí gbogbo yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, mi ò sì ní dárúkọ àgọ́ tí mo máa sọ yìí.

Ìwé NBS tí ẹ ń sọ yẹn sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Wọ́n ní nínú àwọn tí olè wọ ilé wọn, ìdá 36.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló lọ sọ fún ọlọ́pàá. Òótọ́ ni. Èmi tún fẹ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ti àwọn tó bá wá.

Obìnrin kan wá sí kántà wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú ìbọn ìbílẹ̀ ló dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n gba owó ọjà rẹ̀. Mo ṣí dàyárì, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: ìdigunjalè. Nígbà tó di òpin oṣù, a fẹ́ kọ iye ìṣẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́ sókè. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní mẹ́fà ti pọ̀ jù, wọ́n á fún òun ní kúẹ́rì. Ó ní kí n sọ mẹ́rin di olè jíjà lásán. Mo ṣe é. Ó ń dùn mí títí dòní. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà yẹn lọ síbòmíràn, torí ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn lókè sọ pé ibẹ̀ ti tòrò.

Àwa la kọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Àkókó kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe ohun tó rọrùn láti sọ ní gbangba.

Ọmọ_Èkó_Manchester kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Sájẹ́ńtì. Kí ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Níbi tí mo wà yìí, ní oṣù Kìíní ọdún 2014, àjọ tó ń bójú tó ìṣirò ní Gẹ̀ẹ́sì gba òǹtẹ̀ "ìṣirò orílẹ̀-èdè", èyí tó ń fi hàn pé iye kan ṣeé gbára lé, kúrò lára iye ìwà ọ̀daràn tí ọlọ́pàá ń kọ sílẹ̀, torí àwọn àgọ́ kan kì í kọ gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn bá wá sọ. Wọ́n ṣì ń tẹ iye náà jáde, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbára lé jù fún ọ̀pọ̀ nǹkan ni ìwádìí inú ilé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1982, irú èyí tí NBS ṣe gan-an. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fi méjèèjì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè rí.

Tiwa, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ìwádìí yẹn jáde tí NBS fi kéde pé àwọn kan ti já wọ ojú-òpó àwọn, pé ká má ka ohunkóhun tí a bá rí níbẹ̀ sí títí wọ́n á fi tún un ṣe. Àwọn tí kò tíì kà á kò mọ èyí tí wọ́n lè gbà gbọ́ mọ́. Bí àjọ ìṣirò bá gbé irú nọ́ńbà ńlá bẹ́ẹ̀ jáde, ó yẹ kí ẹnì kan nínú wọn jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn fún wákàtí méjì, kó ṣàlàyé ilé mélòó ló dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", kó sì sọ bí àṣìṣe ṣe lè tó.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná kọ:

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ń tajà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí, ojú wa ló ṣe.

Ní ọjọ́ Keje oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n wọ ilé-ìwé ní Kuriga, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ. Iye tí a gbọ́ láti ẹnu àwọn ará ìlú àti ilé-ìwé ni 287. Ní ọjọ́ Kẹrìnlélógún oṣù náà, àwọn ọmọ ogun ní àwọn ti gbà wọ́n, gbogbo wa ń dúpẹ́, wọ́n wá ní 137 ni. Mo ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, mo ń ṣe ìyọkúrò lórí ìka mi. Àádọ́jọ ọmọ. Ṣé wọ́n ti sá wálé ni? Ṣé wọn kò fìgbà kan lọ ni? Ṣé wọ́n ṣì wà nínú igbó? Ìyá tí kò bá rí ọmọ tirẹ̀ nínú 137, kí ni kó ṣe pẹ̀lú "a ti gba gbogbo wọn"?

Ẹ sì rántí Chibok. Ọjọ́ Kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 2014. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí iléeṣẹ́ ológun fi sọ pé àwọn ọmọ náà ti dé, ó ku mẹ́jọ péré. Wọ́n ní ọ̀gá ilé-ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ológun sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Iye gidi tó padà jáde ni 276, àwọn 57 nínú wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sá àsálà. Ọjọ́ tí gbogbo ayé gbà pé ọmọ mẹ́jọ ló kù, ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí wọ́n ti máa tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọnú igbó.

Tíṣà máa ń pe orúkọ láàárọ̀. "Aísátù?" "Mo wà níbí." Rẹ́jísítà yẹn, kò sí ilé-ìwé tí kò ní in. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi ìdí tí a kò fi máa ń ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, kó tó di pé wọ́n jó ọ́fíìsì.

Tíṣà_Ìṣirò kọ:

Màámi, mi ò ní èsì kankan fún yín ju pé ẹ tọ̀nà. Ẹ̀dà rẹ́jísítà kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí fọ́tò ojú ìwé ọjọ́ náà tí ọ̀gá ilé-ìwé bá fi fóònù ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kò gba tírílíọ̀nù.

Àǹtí_Oníbéèrè kọ:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Mo ti ṣe iṣẹ́ wíwọ ilé kiri bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè rí, kì í ṣe ìwádìí NBS yìí ni mo ṣe, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìjínigbé wà nínú tiwa náà.

Mo wọ ilé kan, ìyá ilé ń bó ẹ̀gúsí. Mo ka ìbéèrè náà jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì: "Ní oṣù méjìlá tó kọjá, ǹjẹ́ wọ́n jí ẹnikẹ́ni gbé nínú ilé yìí?" Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní rárá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Mo tẹ "rárá". Nígbà tí mo parí, tí mo ti ti tábúlẹ́ẹ̀tì bọ àpò, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọkọ òun lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ wọn, pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n tà. "Má kọ ọ́ o, ọmọ mi. Wọ́n ní àwọn mọ ilé wa." Mi ò kọ ọ́.

Ní òpópónà kejì, bàbá kan ní ẹni mẹ́ta ni wọ́n gbé nínú ilé òun. Ó sọ ọ́ kíákíá, kò sì lè sọ oṣù tó ṣẹlẹ̀. Kí n tó jáde, ó bi mí pé ìgbà wo ni owó ìrànwọ́ náà máa jáde. Ó rò pé orúkọ àwọn tí wọ́n máa fún lówó ni mo wá kọ. Tirẹ̀, mo kọ ọ́, torí iṣẹ́ mi kò fún mi láyè láti yí èsì ẹnikẹ́ni padà.

Lójú ìwé, ilé ìyá ẹlẹ́gùúsí kò ní ìṣòro kankan, ilé bàbá yẹn sì ní mẹ́ta. Nígbà tí mo rí mílíọ̀nù méjì yẹn, àwọn méjèèjì ni mo rántí.

Kò_Dámilójú kọ:

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo gba "irọ́" tí mo kọ lókè padà. Mi ò tíì gba nọ́ńbà náà gbọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò ní pe àwọn tó ṣe é ní òpùrọ́ mọ́.

Ṣé ti SBM kò wá sàn jù? Wọ́n kúkú mọ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kà.

Ọmọ_Èkó_Manchester kọ:

Ẹ̀gbọ́n, tiwọn wúlò gan-an fún mímọ ibi tí iná ti ń jó àti bóyá ó ń pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn Abraham Wald kí ẹ tó fọwọ́ sí i tán.

Oníṣirò ni, wọ́n bí i ní 1902 ní ìlú kan tó wà ní Romania lónìí, Júù ni, ó sá fún Hitler lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà ogun, ó wà lára àwọn oníṣirò tó ń ṣiṣẹ́ fún ológun ní yunifásítì Columbia ní New York. Àwọn bàálù ogun ń bọ̀ láti ojú ìjà pẹ̀lú ihò ọta káàkiri ara wọn. Ihò pọ̀ ní ara àti apá, ó kéré níbi ẹ́ńjìnì. Ojú lásán á ní kí wọ́n fi irin kún ibi tí ihò pọ̀ sí. Wald bèèrè pé àwọn bàálù tí kò padà dé ńkọ́? Àwọn tí ọta bà ní ẹ́ńjìnì ti já sílẹ̀ sọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó lè ka ihò ara wọn. Ibi tí a kò ti rí ihò gan-an ni ikú wà.

Ìròyìn ìjínigbé tó dé inú ìwé ìròyìn, bàálù tó padà dé ni. Ó ní láti jẹ́ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, tí akọ̀ròyìn wà nítòsí, tàbí tí ẹbí náà ní ẹni tó mọ ẹni. Abúlé tí wọ́n kó ènìyàn mẹ́tàlá lọ, tí òpó fóònù ibẹ̀ ti wó láti ọdún méjì, wọ́n á san owó wọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á padà sóko. Lórí máàpù tí a fi ìròyìn yà, abúlé yẹn mọ́ tónítóní, kò ní àmì pupa kankan. Bí a bá wá fi máàpù náà pín ọmọ ogun, ẹ̀ẹ̀mejì la fìyà jẹ wọ́n.

Àgbà_Ìlọrin kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìpìlẹ̀ kún un, torí ilé tí ẹ ń kọ́ yìí kò ní fáńdéṣọ̀n.

NBS mú ilé díẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di gbogbo Nàìjíríà. Gbogbo Nàìjíríà mélòó? Ìgbà tí a kàn ka ara wa kẹ́yìn ni 2006, ó sì jáde ní 140,431,790. Ohun tí a ń lò láti ìgbà náà, ìfojúbù ni. Wọ́n fẹ́ ka ènìyàn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ti wọlé, wọ́n ti ra ẹ̀rọ, ìjọba ní kí wọ́n sún un síwájú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí a sì kà náà, àríyànjiyàn ni. Wọ́n wọ́gi lé ti 1962. Ti 1963 tó mú mílíọ̀nù 55 wá, ọ̀pọ̀ kò gbà á. Wọ́n wọ́gi lé ti 1973. Ní 2006, wọ́n ní Kánò jẹ́ 9,401,288, Èkó 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn fúnra wọn ka mílíọ̀nù 17 ààbọ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ààbò. Bí ọlọ́pàá ẹgbẹ̀rún kan bá wà, kí ó ṣọ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tàbí kí ó ṣọ́ mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún, iṣẹ́ méjì ni. Owó àti ìjókòó ní ilé aṣòfin ló wà nídìí iye ènìyàn, nítorí náà olúkúlùkù fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀. Ní ti ìwà ọ̀daràn, olúkúlùkù fẹ́ kí tirẹ̀ kéré, bí Sájẹ́ńtì ṣe ṣàlàyé. A ń fa ọ̀kan sókè, a ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀, a wá ń fi ọ̀kan pín èkejì.

Akọ̀wé_Ọdẹ kọ:

Mo ti ń kà yín láti àárọ̀. Olùkọ́ ni mí, èmi ni àwọn ọdẹ ìlú wa fi ṣe akọ̀wé torí pé mo mọ̀wé kọ. Mi ò ní sọ ìlú náà.

Nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà wa, ẹ̀bá igbó ńlá ni àwọn ọdẹ máa ń ṣọ́ lóru, torí ibẹ̀ ló ń ba gbogbo wa lẹ́rù. Mo ra ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, mo fa ìlà sí i. Ọjọ́. Aago. Ibi tó ṣẹlẹ̀, mo ń fi igi tàbí afárá júwe rẹ̀. Ẹni mélòó ló dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà wá, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà lọ. Ọjọ́ ọjà ni àbí òmíràn. Mo máa ń lọ bá àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ilé wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí ọkàn wọn ti balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, mo jókòó pẹ̀lú olórí ọdẹ, a ka ojú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Olórí kò mọ̀wé kà, èmi ni mò ń pe ọjọ́ fún wọn, wọ́n ń fi ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan lélẹ̀ sórí ẹní, òkìtì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ ọjà wa márùn-ún. Òkìtì ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ga ju àwọn tó kù pọ̀ lọ. A tún un ṣe fún ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bá igbó rárá. Ibi kòtò lẹ́yìn afárá kejì ni, níbi tí ọkọ̀ ti ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, láàrin aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn alájàpá ń bọ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n fẹ́ fi rajà lọ́la. Olórí wo ẹ̀wà náà títí. Wọ́n ní, "A ti ń ṣọ́ igbó láti ọjọ́ yìí."

A kó ọdẹ lọ sí ibi kòtò. Àwọn ọ̀dọ́ kó yangí dí kòtò náà. Amọ̀tẹ́kùn náà gba ẹ̀dà ìwé wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lóṣooṣù tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tíì kọ ọ́ láti ìgbà náà.

Sájẹ́ńtì_Tó_Fẹ̀yìntì kọ:

Ọmọ dáadáa ni yín. Ìwé yẹn ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo fi ránṣẹ́ sókè fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Ohun kan: ẹ má kọ orúkọ ẹni tí wọ́n gbé sínú rẹ̀, ẹ má sì kọ iye tí ẹbí san. Bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ, àwọn ajínigbé á mọ ẹni tó lówó àti ẹni tó sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé_Ọdẹ kọ:

Ẹ ṣeun sà. Orúkọ kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orí mi nìkan ló mọ ẹni tó ni ín.

Tíṣà_Ìṣirò kọ:

Akọ̀wé, ẹ̀wà yẹn, mo máa lò ó ní kíláàsì mi ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìlú tó bá yín pààlà? Ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn yẹn má jáwọ́, kó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ẹlòmíràn ni wọ́n gbà lọ.

Akọ̀wé_Ọdẹ kọ:

Mo lọ bèèrè. Wọ́n ní ó dà bíi pé ó ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí. Mo ti fún akọ̀wé wọn ní ìwé kan tí mo ti fa ìlà sí.

Ọmọ_Àkókó kọ:

Mo wá bèèrè èyí tí mo máa gbà gbọ́ nínú nọ́ńbà méjì, mo ń lọ ra ìwé. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ? A kò tíì rí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Akọ̀wé_Ọdẹ kọ:

Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ní alaalẹ́, bí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ "kò sí", ẹ kọ iye ọkọ̀ tó kọjá bí ẹ bá rí i kà, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ní ọdún àkọ́kọ́, èmi kì í kọ ọjọ́ tí kò sí nǹkan. Nígbà tí mo padà wò ó, mi ò mọ ojú ìwé tó ṣófo nítorí àlàáfíà àti èyí tó ṣófo nítorí ibà ń ṣe mí.

Ọmọ_Àkókó kọ:

Ó yé mi. Mo ti bá olórí ọdẹ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ìyàwó mi ní òun á máa ka ọkọ̀ láti ìsọ̀ òun.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná kọ:

Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó máa ka àwọn ọmọ ilé-ìwé náà bí wọ́n bá ń kọjá láàárọ̀, àti bí wọ́n bá ń padà bọ̀.